Lẹ́tà sí Dádì mi, lórí kéèsì mínírà ọjọ́ Ítálì

Dádì mi,

Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ lọ ra mínírà lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè ka lẹ́tà yìí, àmọ́ láti 1994 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mi ò dẹ̀ sọ ọ́ fún yín títí ẹ fi lọ.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Eagles, ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé àwọn bàbá tó lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú òyìnbó ní 1949, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò wọ bàtà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gbá a, Teslim Balogun tí wọ́n ń pè ní Thunder wà lára wọn, jẹ́sì pupa ni wọ́n ń wọ̀ nígbà náà, Red Devils ni wọ́n ń jẹ́, ìgbà tá a gba òmìnira ni wọ́n tó wá di Green Eagles. Tẹ́ ẹ bá dé orí Okwaraji, ohùn yín á wálẹ̀. Lọ́yà ni, ẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, lọ́yà ni ọmọ yẹn, ó ṣubú lórí pápá ní Surulere ní August 12, 1989, ìgbà tá à ń gbá pẹ̀lú Àǹgólà, kò dìde mọ́.

Ṣùgbọ́n 1980 ni ìtàn yín gangan. Ọmọ Shooting paraku ni yín, Odegbami, Muda Lawal, Felix Owolabi, Best Ogedegbe, bí ọmọ ilé lẹ ṣe ń pè wọ́n torí IICC Shooting Stars n'Ìbàdàn ni gbogbo wọn ń gbá fún. Sátidé ni, March 22, àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, ẹ wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ Surulere, èrò wá pọ̀ débi pé ìta lẹ ṣì wà tí eré fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú kejì ni Odegbami ju ti àkọ́kọ́ sáwọ̀n Àlùjéríà. Ẹ ò rí i o, ariwo lẹ gbọ́. Ẹ ní ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà yín, ọkùnrin kan tẹ́ ò mọ̀ rí dì mọ́ yín, ẹ̀yin méjèèjì wá ń fò sókè lẹ́nu géètì láìtíì mọ ẹni tó gbá a. Ẹ wọlé bá ìkejì, Odegbami náà ló tún gbá a, Muda Lawal fi ìkẹta dé e lórí, Chukwu, kápítéènì wa, gbé ife sókè. Àmọ́ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ ìtàn yẹn, góòlù tẹ́ ò rí yẹn lẹ máa ń pẹ́ lé lórí jù.

Ó wá kan 1994. Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí. Wọ́n wá gbé Abiola ní June 23, ọ̀rọ̀ June 12 ká gbogbo ilé lára, bọ́ọ̀lù nìkan ló ń mú wa rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó wá gbé e ni wọ́n ti gbá ti Bùlùgáríà, òru ni, ẹ jí gbogbo wa. Yekini tó ti gbá fún Shooting rí, tó tún ti gbá fún Abiola Babes, òun ló ju góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa ní ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ó sáré wọ inú àwọ̀n, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú ihò àwọ̀n, ó ń ké, ó ń sunkún. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ̀yin náà ń sunkún. Mi ò rí omijé lójú yín rí kó tó di òru yẹn.

July 5 la pàdé Ítálì. Àwọn òṣìṣẹ́ epo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì lánàá ẹ̀ ni, iná ò sí, epo ò sí nílé epo, ẹ wá ki rọ́bà bọ táńkì mọ́tò yín, ẹ fẹnu fà á kẹ́ ẹ lè rí i bu sí jẹnẹrétọ̀, díẹ̀ bọ́ sí yín lẹ́nu, ẹ tutọ́ títí, ẹ fi ọṣẹ fọ ẹnu, síbẹ̀ òórùn ẹ̀ ṣì wà lára yín nígbà tí gbogbo àdúgbò kún pálọ̀ wa ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Finidi gbá kọ́nà, bọ́ọ̀lù kan Maldini lára, Amuneke rọra gbé e gba orí gólì wọn kọjá. Mutiu Adepoju wọlé rọ́pò Amokachi, ẹ ní "Ọmọ Ìbàdàn ti dé!" Wọ́n fún Zola ti Ítálì ní káàdì pupa, ó ku èèyàn mẹ́wàá fún wọn. Àwọn èèyàn ti ń ka ẹni tá a máa bá pàdé ní kọ́tà fáínà. Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo wá fà yín láṣọ pé, "Dádì, ó ti parí, ẹ lọ ra mínírà." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ gbé kéèsì òfìfo ìgò, ẹ jáde.

Ìṣẹ́jú 88 ni Baggio ta á gba ẹ̀gbẹ́ Rufai wọlé.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ yẹn, ìró jẹnẹrétọ̀ nìkan là ń gbọ́. Ẹ dé, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kéèsì wà léjìká yín, ẹ ò dẹ̀ béèrè nǹkan kan. Ẹ sọ fún Mọ́mì lẹ́yìn náà pé iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ ti mọ̀, torí gbogbo àdúgbò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí pẹ́náritì fi dé ní àfikún àsìkò, tí bọ́ọ̀lù gbá òpó tó tún wọlé, ẹ ti jókòó sórí kéèsì yẹn, ẹ kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ mẹ́ta ni mínírà wà ní kọ̀rídọ̀, ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án. Mọ́mì ló pín in fún wa níkẹyìn, ó ti gbóná, mi ò lè mu tèmi tán.

Láti ìgbà yẹn lẹ ò ti jókòó wo Eagles mọ́. Abacha ò jẹ́ kí wọ́n lọ South Africa ní 1996 láti gbèjà Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà tí wọ́n gbà ní Tunisia, mo bínú títí, ẹ̀yin ò sọ nǹkan kan. Ọdún yẹn náà ni Òlíńpíìkì ti Atlanta, Brazil ti fún wa ní mẹ́ta sí ẹyọ kan, ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, Kanu wá dá a padà sí mẹ́ta-mẹ́ta, ó tún gbá ìkẹrin wọlé, gbogbo ilé gbọ̀n. Ẹ yọjú. Ẹ ní, "Ṣé ó ti parí pátápátá?" Mo ní golden goal ni, kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà. Ẹ fọwọ́ pa mí lórí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n tọrọ àforíjì, ẹnu mi ò gbà á.

Mo ti dàgbà, mo ti tún eré Ítálì yẹn wò lórí YouTube ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Dádì, kì í ṣe mínírà o, kì í dẹ̀ ṣe orí burúkú. Àwa la ò wá góòlù kejì. Èèyàn mẹ́wàá ló wà níwájú wa, a wá ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré, à ń wo aago. Ó wù mí kí n sọ eléyìí fún yín lójúkojú, kẹ́ ẹ bá mi jiyàn sí i.

May 2012 tí Yekini kú, tí wọ́n sin ín sí Ìrá, ẹ jẹun díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Góòlù 37 ló gbá fún Nàìjíríà, ẹ̀yin lẹ kà á fún wa. Kí ọdún yẹn tó parí ẹ̀yin náà lọ. February tó tẹ̀ lé e ni Keshi, kápítéènì 1994 yẹn, fi ipò kóòṣì gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Johannesburg, Sunday Mba ló gbá a wọlé. Mo dá jáde síta, mo ń pariwo orúkọ yín.

Ní November 2025 a pàdé DR Congo ní Rabat, èyí tó bá wọlé ló ṣì lè lọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ó di pẹ́náritì. Mo dìde láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo lọ dúró sẹ́nu géètì nínú òkùnkùn, mo ń retí ariwo. Àdúgbò dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọmọ mi yọjú, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ ti gbọ́?" Mo ní mo ti gbọ́, mo ní kó wá dúró tì mí.

Ọmọ yín ni.