Ohun tí àdúgbò wa ń tẹ̀, kí láíbìrì àdúgbò wa máa tọ́jú ẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ láíbìrì àdúgbò ni mo bá wá, mo sì bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má gé e kúrú jù torí ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. Nígbàkígbà tí ìjọba tàbí àwọn olówó bá fẹ́ ṣe láíbìrì lóore, ohun méjì náà ni wọ́n máa ń gbé wá, kọ̀ǹpútà àti páálí ìwé òyìnbó. A dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n ohun tí láíbìrì àdúgbò nílò jù ni ohun tí àdúgbò yẹn fúnra ẹ̀ kọ, tó tẹ̀, tó sì ń sọ lẹ́nu, lédè Yorùbá. Tí ìyẹn bá wà níbẹ̀, àwọn èèyàn á wọlé.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Gbogbo ẹni tó mọ Èkó ló mọ̀ pé Ṣómólú ni ojúkò àwọn atẹ̀wé, kò sí ohun tó ń wọ orí pépà tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀, kálẹ́ńdà o, ìwé ìpè ìgbéyàwó o, ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé àdúrà àwọn alásàlátù, ìwé òfin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìwé ìtàn ìlú tí bàbá àgbà kan fowó ara ẹ̀ tẹ̀ ní igba kọ́pì pére tó pín in fáwọn ọmọ àti àna, títí dórí ìwé ètò ìsìnkú tí gbogbo wa ń pè ní prógíráàmù. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí prógíráàmù yìí.

Ẹ mú prógíráàmù ìyá àgbà kan tó kú lẹ́ni ọdún 85, kẹ́ ẹ ṣí i wò dáadáa. Wọ́n á kọ ibi tí wọ́n bí i sí, orúkọ bàbá ẹ̀ àti ìyá ẹ̀, agbolé tó ti wá, oríkì ẹ̀, ẹni tó mú un wá sí Èkó, bóyá ọkọ̀ ojú irin ló wọ̀ dé Ìddó, ọjà tó ti ń tajà, ohun tó kọ́kọ́ ń tà kó tó di aláṣọ, ẹgbẹ́ tó ṣe, àjọ tó gbà, ilé tí òun àti ọkọ ẹ̀ kọ́kọ́ háyà, àdúgbò tí wọ́n kó lọ lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ gbogbo ọmọ àti ibi tí wọ́n wà báyìí. Fótò ẹ̀ nígbà tó jẹ́ ọmọge á wà níbẹ̀, pẹ̀lú irun olówùú lórí, níwájú ilé kan tí wọ́n ti wó. Ìtàn Èkó nìyẹn! Òpìtàn wo ló fẹ́ jókòó kó gbogbo èyí jọ lórí aláta àti aláró? Àwọn ọmọ òkú ló kọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n pe àbúrò ìyá tó kù láyé kó bá wọn rántí, wọ́n bá ara wọn jiyàn lórí ọdún tí ìyá wọ Èkó, wọ́n gbé e wá bá wa lóru pé Jímọ̀ ni ìsìnkú. Ó di ọjọ́ kejì ìnáwó, wọ́n ti ń gbá a mọ́ ìdọ̀tí lábẹ́ kánópì. Ó máa ń dùn mí gan-an ni, kì í ṣe torí pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, torí pé mo mọ̀ pé ibòmíì ò sí tí wọ́n tún ti máa rí ọ̀rọ̀ yẹn kà.

Ẹlòmíì á ní ṣebí National Library, láíbìrì ìjọba àpapọ̀, wà. Ó wà. Ọdún 1964 ni wọ́n ṣí i, Èkó níbí náà ni, kí olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ tó kó lọ sí Àbújá, òfin ọdún 1970 sì sọ pé ẹni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fún wọn ní kọ́pì 3, wọ́n á tọ́jú 2, wọ́n á fi 1 ránṣẹ́ sí láíbìrì Yunifásítì Ìbàdàn. Òfin tó dáa ni, kí gbogbo àwa atẹ̀wé máa rán àwọn oníbàárà wa létí ẹ̀. Àmọ́ ta ló máa gbé prógíráàmù òkú ìyá ẹ̀ lọ bá National Library? Ta ló máa gbé kálẹ́ńdà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lọ, tó jẹ́ pé orí kálẹ́ńdà yẹn nìkan ni fótò gbogbo olóyè wọn ti pé? Ohun tó rí báyìí, ibi tí ẹni tó ni ín lè fẹsẹ̀ rìn dé ló yẹ kí wọ́n ti máa gbà á.

Tẹ́ ẹ bá tún wò ó, kì í ṣe òní ni ìwé Èkó ti ń kúrò l'Ékòó. Henry Carr, ọ̀mọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó láyé òyìnbó, kó ìwé jọ sílé ẹ̀ tó bí 18,000, nígbà tó kú ní 1945 ìjọba rà á, ó di ti láíbìrì Yunifásítì Ìbàdàn. Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó tó bá ìjọba òyìnbó jà, kú ní 1946, lẹ́tà àti ìwé tiẹ̀ náà, Ìbàdàn ló wà. Mi ò bá Ìbàdàn jà o, wọ́n tọ́jú ẹ̀, ká ní wọn ò gbà á ni, bóyá ikán ni ì bá jẹ ẹ́ tán. Àmọ́ láíbìrì tó ń jẹ́ orúkọ Macaulay wà ní Yábà níbí, ọmọ Yábà tó bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí lẹ́tà tí bàbá yẹn fọwọ́ kọ, mótò ló máa wọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n ń tẹ̀ l'Ékòó láyé ìgbà yẹn ńkọ́, Èkó Àkéte tó bẹ̀rẹ̀ ní 1922, Elétí Ọfẹ ní 1923, Akéde Èkó ti Isaac Thomas ní 1928, mélòó nínú wa ló ti fojú kan ọ̀kan rí? Àwọn bàbá àgbà wa ló sì rà á, tí wọ́n kà á, tí wọ́n tún torí ẹ̀ bá ara wọn fa ọ̀rọ̀.

Ní ti Ilojo Bar tó wà ní gbàgede Tinúbú tẹ́lẹ̀, ilé tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Brazil, kọ́ ní 1855, wọ́n ti kéde ẹ̀ láti 1956 pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni, síbẹ̀ ní September 2016 wọ́n wó o palẹ̀. Ilé ò ṣeé jí dìde. Fótò ilé, lẹ́tà inú ilé, ohun tí ẹni tó dàgbà síbẹ̀ máa sọ, ìyẹn ṣeé tọ́jú, ó sì tún kù rẹpẹtẹ ní Campos àti Popo Àgùdà, àdúgbò àwọn Àgùdà l'Ékòó, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn àgbàlagbà, tí ọmọ wọn á dáná sun lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń palẹ̀ yàrá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo láíbìrì wa bó ṣe wà báyìí. Àwọn tí mo ti wọ̀ lórí Mainland, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ló kún ibẹ̀, wọ́n gbé ìwé tiwọn wá látilé, wọ́n jókòó, wọ́n kà á, wọ́n gbé e padà sílé, ọwọ́ wọn ò kan ìwé orí pẹpẹ. Mi ò dá wọn lẹ́bi rárá, ilé tí ẹni mẹ́fà ń gbé yàrá kan, tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé ń dún lójú wíńdò, níbo ni kí ọmọ ti kàwé? Àga àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n wá gbà, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí pẹpẹ yẹn fúnra ẹ̀, ìwé òfin ìlú òyìnbó, ìwé kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, ìwé tí wọ́n kó wá nínú kọ̀ǹténà. Nọ́ńbà Dewey tí wọ́n fi ń to ìwé ní ọ̀pọ̀ láíbìrì kárí ayé fún lítíréṣọ̀ Yorùbá ní ààyè tiẹ̀, 896.333 ni, ẹ béèrè nọ́ńbà yẹn nínú láíbìrì tó bá sún mọ́ yín kẹ́ ẹ wo iye ìwé tó wà níbẹ̀. L'Ékòó o, tó jẹ́ pé ìwé Yorùbá ń jáde lórí ẹ̀rọ ní Ṣómólú lójoojúmọ́.

Àwọn kan á ní gbogbo nǹkan ti wà lórí fóònù. Ẹ tẹ orúkọ ìyá tó ta ẹ̀fọ́ ní Oyìngbò títí tó fi dàgbà sí Google, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa jáde.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ láíbìrì lé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ fótò ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, ní Sátidé kan lóṣù. Kí ẹni tó bá ní fótò àtijọ́ gbé e wá, kí àwọn àgbà jókòó yí tábìlì ká, kí wọ́n máa sọ pé ẹni báyìí nìyí, títì báyìí nìyẹn kí wọ́n tó ṣe góta síbẹ̀, kí àwọn ọmọ JAMB yẹn kan náà máa fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn kọ́pì, kí wọ́n fi fóònù ya á, kí onífótò gbé tiẹ̀ lọ sílé. Àṣírí tí ẹbí ò bá fẹ́ kó jáde, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni àlọ́. Ní Bàrígà nìkan, ẹ máa rí Ìjẹ̀bú, ẹ máa rí Oǹdó, ẹ máa rí Ìlàjẹ, àlọ́ Ìjàpá kan ṣoṣo yẹn, orin tí Màmá Ìlàjẹ máa dá sí i yàtọ̀ sí ti Màmá Ìjẹ̀bú, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó ò mọ èyíkéyìí níbẹ̀. Kí ìyá pa á, kí àwọn ọmọ gbè é, kí láíbìrì gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìyá, ìlú ẹ̀ àti ọjọ́ tó pa á. Èyí ò yàtọ̀ sí iṣẹ́ láíbìrì o, ìwé tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, àti IFLA, ẹgbẹ́ àwọn láíbìrì lágbàáyé, tún kọ ní 2022 lórí láíbìrì ìlú ka ìmọ̀ ìbílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́ ara ohun tó yẹ kí láíbìrì tọ́jú.

Àwọn bàbá tó máa ń dúró síwájú tábìlì fẹ́ńdọ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ń ka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì ń jiyàn ìṣèlú títí oòrùn á fi mú, ibo ló tún yẹ kí wọ́n wà ju láíbìrì lọ? Ẹ fún wọn ní tábìlì kan, ìwé ìròyìn Yorùbá kan, àti ọmọdé kan tó máa kà á sókè fún ẹni tójú ń dùn. Ọmọ yẹn á mọ Yorùbá í kà ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní ilé ìwé lọ. Kí wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fún wọn kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì, torí iṣẹ́ ni, owó wà níbẹ̀, àwa atẹ̀wé ń wá ẹni tó lè ṣe é kò sì wọ́pọ̀. Kí wọ́n jọ̀ọ́ má máa ti ilẹ̀kùn nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọlọ́jà ò tíì ṣíwọ́.

Owó tó máa ná wọn ò tó nǹkan. Páálí tó nípọn, pẹ́ńsùlù, ìwé gbọọrọ kan láti fi kọ ohun tó wọlé, pẹpẹ tó ga kúrò nílẹ̀ torí omi òjò, oògùn ikán. Ní tiwa ní Ṣómólú, tí gbogbo wa bá fi kọ́pì kan ṣoṣo sílẹ̀ lára iṣẹ́ tí oníbàárà bá gbà pé ká fi sílẹ̀, kí ọdún tó yí po láíbìrì ti ní ohun tí kò sí níbòmíì láyé. Mo ti bá àwọn kan sọ ọ́ lọ́jà wa, wọ́n ní kò burú, pé ta ni àwọn máa gbé e fún? Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láíbìrì tẹ́ ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí, ìbéèrè yẹn ń dúró dè yín, ẹ yan ẹnì kan tó máa máa gbà á, kẹ́ ẹ lẹ orúkọ ẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin Olóòtú náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ máa fi kọ́pì ìwé ìròyìn yín ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ sí láíbìrì àdúgbò tó bá gbà láti tọ́jú ẹ̀, àní tó bá jẹ́ èyí tó ṣẹ́kù tí wọn ò tà ni, kẹ́ ẹ sì máa tẹ orúkọ láíbìrì tó bá gbà á síbi táwa òǹkàwé á ti rí i, ká lè mọ ibi tí a máa gbé tiwa náà lọ. Èyí tó bá sún mọ́ Ṣómólú nínú wọn, èmi á máa fọwọ́ ara mi gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, atẹ̀wé kan ní Ṣómólú, Èkó.