Ẹ̀sùn lórí àpótí ímeèlì wa tí ẹ kó lọ sórí sáfà tuntun

Ìtòkú, Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
13 Okudu, 2024.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpótí ímeèlì tí àwọn tó ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ wa fi ń kọ̀wé sí wa ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Láti òru Sátidé mọ́jú Sunday, 9 Okudu, tí ẹ ti kó o kúrò lórí sáfà àtijọ́, kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ̀wé sí yín, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ sì dáhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ni kò dára, pé kí a yọ àkáǹtì náà kúrò nínú Thunderbird, ètò tí a fi ń ka ímeèlì, kí a tún fi í sí i. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé lẹ́tà yìí fún ẹni tó ń tọ́jú Dovecot, ètò tó ń fún wa ní lẹ́tà láti orí sáfà, lọ́dọ̀ yín.

Nínú IMAP, ìlànà tí Thunderbird fi ń ka lẹ́tà lórí sáfà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní UID, fódà kọ̀ọ̀kan sì ní UIDVALIDITY, nọ́ńbà tó ń fi hàn pé àwọn UID inú rẹ̀ kò tíì yí padà. Nọ́ńbà méjèèjì yìí ni Thunderbird fi ń mọ lẹ́tà tó ti gbà. Tí UIDVALIDITY bá ti yí padà, dandan ni kó da gbogbo ohun tó ti kó pamọ́ nù, kó bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Láàárọ̀ Sunday yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó pa lẹ́tà kankan rẹ́, a fi openssl s_client, ètò tí a fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀ tààrà, wọ port 993, ẹnu ọ̀nà IMAP tó ní ààbò, a sì fi àṣẹ STATUS bèèrè nípa INBOX. Èsì rẹ̀ nìyí (UIDNEXT ni UID tí lẹ́tà tó bá tún wọlé máa gbà, MESSAGES ni iye lẹ́tà):

UIDVALIDITY 1717895647
UIDNEXT 21365
MESSAGES 21364

Èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ wa láti Ẹrẹ́nà ni UIDVALIDITY 1550136122 àti UIDNEXT 48217. Aago kọ̀ǹpútà, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá láti ọdún 1970, ni Dovecot máa ń lò fún UIDVALIDITY nígbà tó bá dá fódà sílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ti àtijọ́ bọ́ sí 14 Èrèlé, 2019, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 22 àárọ̀. Tuntun bọ́ sí 9 Okudu, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 14 òru, àárín ìgbà tí ẹ̀yin gan-an ń kó ẹrù. Ẹ tún wo UIDNEXT: ó fi oókan péré ju iye lẹ́tà lọ. Àpótí tí a ti ń pa lẹ́tà rẹ́ nínú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé, àfi tí wọ́n bá tún gbogbo lẹ́tà kà láti ení.

Fáìlì dovecot-uidlist ló ń tọ́jú àwọn nọ́ńbà yìí. Kì í sì í ṣe òun nìkan lẹ gbàgbé. Àwọn fódà kan kò hàn mọ́ títí a fi lọ tún wọn yàn: fáìlì subscriptions nìyẹn. Àwọn àmì tí a fi sára lẹ́tà, «Ti sanwó», «Ó wà nínú aró», «Ó ti gbéra», pòórá: dovecot-keywords nìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a ti kà ṣì ń hàn gẹ́gẹ́ bí èyí tí a ti kà. Kí ló dé? Ìdí ni pé ara orúkọ fáìlì lẹ́tà ni Maildir, ọ̀nà tí sáfà fi ń tọ́jú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀, máa ń kọ ọ́ sí, lẹ́yìn «:2,»: S ni ti lẹ́tà tí a ti kà, a, b, c kékeré sì ni ti àmì tí a dá fúnra wa, tí dovecot-keywords ń sọ ìtumọ̀ wọn. Nítorí náà, fódà cur àti new, níbi tí lẹ́tà wà, lẹ kó, ẹ fi àwọn fáìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sílẹ̀.

Àpótí náà tó 9 GB. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin, 36 GB. A tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yín lórí méjì nínú wọn, 18 GB mìíràn tún lọ. Ilé ń jó, ẹ ní ká fi bẹntiróò pa á. Owó dátà 54 GB náà ni ẹ máa san padà.

Ẹ má ṣe dá dovecot-uidlist àtijọ́ padà báyìí o! UIDVALIDITY á tún yí, gbogbo kọ̀ǹpútà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba 9 GB. Dovecot-keywords ni kí ẹ mú wá láti inú ẹ̀dà ìpamọ́ yín. A ti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ wa kí wọ́n má fi àmì tuntun sára lẹ́tà kankan, kí «a» tuntun má baà kọlu «a» àtijọ́.

Ohun kejì ni ìsopọ̀ tó ń já. Thunderbird lè ṣí ìsopọ̀ márùn-ún lórí kọ̀ǹpútà kan, IP kan ṣoṣo, ìyẹn àdírẹ́sì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sì ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa ń gbà jáde. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ogún ìsopọ̀. Sáfà tuntun ń dáhùn pé: Maximum number of connections from user+IP exceeded. Iye tí Dovecot fúnra rẹ̀ máa ń gbé wá ni mẹ́wàá, ó sì dà bíi pé ẹ kò kó ètò ti àtijọ́ wá. Ẹ kọ ọ́ sínú protocol imap:

mail_max_userip_connections = 50

Ẹ fi doveconf -n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ wá ṣe doveadm reload. Ní báyìí ná, a ti dín ti Thunderbird kù sí méjì-méjì, ìyẹn mẹ́jọ lápapọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tuntun ń pẹ́ kó tó hàn nínú àwọn fódà kan.

Èyí tó kù yìí kò gba àlàyé púpọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló burú jù. Lórí port 143, ẹnu ọ̀nà IMAP tí kò ní ààbò láti ìbẹ̀rẹ̀, sáfà yín ń gba páásíwọ́ọ̀dù ní gbangba láìsí STARTTLS, àṣẹ tó ń fi ìsopọ̀ sábẹ́ ààbò. LOGINDISABLED (ìwọlé kò sí) ló yẹ kó hàn níbẹ̀; AUTH=PLAIN (ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù gbangba wọlé) la rí. Ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ disable_plaintext_auth = no, torí Dovecot kì í gbé e wá bẹ́ẹ̀. Kí ẹ yí i padà lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Tí ẹ bá tún fẹ́ kó àpótí ẹnikẹ́ni, ẹ lo doveadm backup, torí ó máa ń gbé UID dání. Tí ó bá sì jẹ́ rsync, ètò tó ń da fáìlì kọ, lẹ fẹ́, ẹ fi -a kó Maildir lódindi, ẹ dá Dovecot dúró, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú --delete kí ẹ tó yí DNS sí sáfà tuntun, kí ẹ sì fi àṣẹ STATUS wo UIDVALIDITY lórí sáfà méjèèjì.

A ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, pẹ̀lú owó dátà wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alábòójútó kọ̀ǹpútà,
Ṣọ́ọ̀bù aládìrẹ, Ìtòkú.