Ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin oníbàárà wa: bí abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́fà ṣe ń mú kòkòrò HIV

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Ìsẹ́yìn àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjà.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ẹ ti ń bi wá léèrè ní ṣọ́ọ̀bù pé ṣé lóòótọ́ ni abẹ́rẹ́ kan wà tí èèyàn ń gbà lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún kó má bàa kó HIV. Òótọ́ ni. Lenacapavir lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba nǹkan sára yẹ kó mọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń hun aṣọ òkè, ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Kòkòrò HIV kò lè bímọ fúnra rẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn ló ń wọ̀ lọ, á sì sọ ibẹ̀ di ibi ìhunṣọ tirẹ̀. Ohun tó ń hun níbẹ̀ ni purotéènì gbọọrọ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Gag. Bí ẹ ṣe ń hun aṣọ ní tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ kí ẹ tó gé e, kí ẹ tó tò ó pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Gag rí: àwọn ẹ̀yà tí kòkòrò náà yóò fi kọ́ inú ara rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀ láìtíì gé. Nǹkan bíi 2,400 Gag á kóra jọ sábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, wọn á fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, orí wọn á lẹ̀ mọ́ awọ, ẹsẹ̀ wọn á kọjú sáàárín. Awọ náà á wú síta títí bọ́ọ̀lù kékeré kan á fi já kúrò lára rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ni pé bọ́ọ̀lù tó jáde yìí kò tíì lè ran ẹnikẹ́ni. Kò tíì gbó. Àlùmọ́gàjí kan wà nínú rẹ̀, purotéènì mìíràn tí wọ́n ń pè ní protease, òun ló ń gé Gag níbi márùn-ún. Àwọn ẹ̀yà tí à ń pè ní capsid á wá tún kóra jọ, wọn á fi ara wọn ṣe ìkarahun tó dì mọ́ àbùdá kòkòrò náà. Nǹkan bíi 1,500 wọn ló ń wọ inú iṣẹ́ yìí. Mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń so pọ̀ bí afárá oyin. Àmọ́ tó bá jẹ́ mẹ́fà mẹ́fà nìkan ni, pẹrẹsẹ bí ẹní ni yóò wà, kò ní lè padé. Ìdí tó fi ń padé ni pé ibi 12 gééré wà tí wọ́n ti so ní márùn-ún márùn-ún: méje níbi tí ìkarahun náà ti fẹ̀, márùn-ún níbi tó ti ṣẹ́nu bí ìwo. Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú àti funfun tí àwọn ọmọ ń gbá ládùúgbò náà nìyẹn. Ẹ ka ojú dúdú ara rẹ̀, méjìlá ni. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, mo sì ti fi bọ́ọ̀lù ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ọmọ tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Èròjà kan tó ń jẹ́ IP6 ló ń di àárín àwọn mẹ́fà wọ̀nyẹn mú. Ó pọ̀ nínú àgbàdo àti ẹ̀wà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí ṣíwọ́ ẹ̀wà jíjẹ o. Sẹ́ẹ̀lì wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tí kòkòrò náà ń lò.

Oògùn tó ń di àlùmọ́gàjí náà lọ́wọ́ ti wà láti 1995. Ọ̀kan lára wọn ni atazanavir tí àwọn kan nínú yín ń gbà ní ilé ìwòsàn. Kòkòrò á jáde, ṣùgbọ́n kò ní gbó láé. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ìdí tí ẹ kò fi lè fo ọjọ́ kan, ojoojúmọ́ ni ìhunṣọ yẹn ń lọ. Bí oògùn bá ti dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, àlùmọ́gàjí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Lenacapavir ní tirẹ̀, ojú ìránṣọ ló ń wọ̀, láàárín capsid kan àti èkejì rẹ̀. Ìkarahun tó ti gbó á gan, á fọ́ kí ó tó gbé ẹrù rẹ̀ débi tó ń lọ. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò kò ní padé dáadáa. Nínú ìwádìí tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2024 láti South Africa àti Uganda, àwọn ọ̀dọ́bìnrin 2,134 ni wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ yìí, ẹyọ ẹnì kan kò kó HIV nínú wọn. Ní oṣù Keje 2025 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí i pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa lò ó fún ìdènà.

A kò tà á ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti béèrè. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí òun nìkan kò tó fún ẹni tó ti ní HIV. Abẹ́ awọ ikùn ni wọ́n ń gún un sí, oníhóró sì wà tí ẹ ó lò lọ́jọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ sọ fún wọn, torí rifampicin máa ń dín agbára rẹ̀ kù. Kò sì dènà àtọ̀sí tàbí rẹ́kórẹ́kó, ẹ má fi kọ́ńdọ̀mù sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ohun tó pè bẹ́ẹ̀ wá bá yín nínú ọjà, ẹ má rà á.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè tí ẹ kò fẹ́ kí etí kẹta gbọ́, ẹ wá lẹ́yìn aago méje alẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ. Mo máa ń wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀.

Apòògùn yín