Dàpọ̀, bá mi wo ọ̀rọ̀ egúngún inú géèmù yìí

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ, ẹ sì kú òtútù ibẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà gígùn nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè sọ sókè nínú ilé tí Fúnkẹ́ wà, nítorí pé iṣẹ́ kan ló wọlé fún mi, Fúnkẹ́ sì ti ń ná owó rẹ̀ lọ́kàn kí n tó gbà á. Kí n sáré sọ ìròyìn ilé ná: Ṣẹ́gun ti bí ọmọkùnrin, Ìyá Ìbejì ti kó kúrò ní Òkè-Àdó, ara bàbá mi sì le, àfi ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó parí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù ní òkèèrè rí àwọn àwòrán egúngún tí mo ń gbé sórí Instagram. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé àwọn ń ṣe géèmù ìdẹ́rùbani tuntun tí yóò wáyé ní ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá, pé kí n wá bá àwọn ya ẹ̀kú, agboolé, ojú ọ̀nà àti àwọn ará ìlú. Ìwé àlàyé iṣẹ́ náà àti ìwé àdéhùn jọ wọlé pọ̀ ni. Mo ka ìwé àlàyé náà lálẹ́, mo tún un kà láàárọ̀, inú mi kò sì dùn bí ó ti yẹ kí inú ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá dùn. Nínú ìtàn géèmù náà, akọ̀ròyìn kan ló ti òkè òkun dé pẹ̀lú ajá rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ létí ìlú, ilẹ̀ ṣú, egúngún sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti pa á. Ajá náà ní orúkọ, Dàpọ̀. Wọ́n kọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti oúnjẹ tó fẹ́ràn síbẹ̀. Ní ti àwọn ará ìlú, ohun tí wọ́n kọ kò ju “ará abúlé, ọkùnrin, oríṣi mẹ́fà” àti “ará abúlé, obìnrin, oríṣi mẹ́ta” lọ, wọ́n ní bí mo bá ti ya ìwọ̀nyẹn, aṣọ ni àwọn yóò máa pààrọ̀ fún wọn.

Kijuju, ìlú inú géèmù Resident Evil 5 tí àwa méjèèjì jọ ń ṣe nígbà náà, ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé nínú akọni méjì inú rẹ̀, ìwọ ni Chris nígbà gbogbo, èmi ni Sheva, ìwọ náà lo sì ṣòfin pé ẹni tó bá mú páàdì tó dára ló ni ẹ̀tọ́ láti yàn. O rántí bí géèmù náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Chris Redfield wa ọkọ̀ wọ ìlú Kijuju yẹn, tí Capcom, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, fi àròsọ dá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, oòrùn mú ganrínganrín, eruku ń sọ, àwọn ènìyàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń wò ó láìsọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin kan dúró yí àpò kan ká nílẹ̀, wọ́n ń lù ú, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń jà. Nígbà tí a sún mọ́ wọn ni wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n yíjú sí wa. O rántí ohun tí ìyá Ṣẹ́gun sọ nígbà tí wọ́n wọlé bá wa nídìí àpò yẹn: “Kí ni àwọn ènìyàn yìí ṣe fún yín tí ẹ fi ń pa wọ́n?” Gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n lójú mi nísinsìnyí, ìbéèrè gidi ni màmá yẹn béèrè, kò kàn sí ẹni tó dá wọn lóhùn ni.

Àwọn mìíràn ti béèrè irú rẹ̀ kí géèmù náà tó jáde ní oṣù kẹta 2009. Fídíò ìpolówó rẹ̀ jáde ní 2007, nígbà tó sì di 2008, N'Gai Croal, akọ̀ròyìn adúláwọ̀ tó ń kọ̀wé fún Newsweek ní Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kì í ṣe pé Chris yìnbọn lu adúláwọ̀ nìkan ló ń dùn ún. Ohun tó tọ́ka sí ni pé wọ́n ti ya àwọn ènìyàn náà bí ẹni tó yẹ kí a máa bẹ̀rù, nínú òjìji, láìjẹ́ kí a rí wọn bí ọmọ ènìyàn, kí ohunkóhun tó ṣe wọ́n, àti pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ìtàn tó ti pẹ́ lẹ́yìn. Ariwo ta. Àwọn kan ní ará Japan ni Capcom, kí ló kàn wọ́n nínú ọ̀ràn aláwọ̀ funfun àti adúláwọ̀. Àjọ BBFC tó ń yẹ fíìmù àti géèmù wò ní Britain gbé apá kan tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn yẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn kò rí ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbẹ̀. Àwọn mìíràn sì ní Resident Evil 4 ti 2005 ti fi àwọn ará abúlé Spain ṣe ohun kan náà, kò sì sí ẹni tó sunkún fún wọn.

Ọ̀rọ̀ Spain yẹn ni mo rò jù, nítorí pé ó fẹ́ẹ̀ borí mi. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa. Ní abúlé Spain yẹn, ẹni ibi ní orúkọ. Ramón Salazar jẹ́ ọmọ ìdílé tó ni ilé olódi, ó ní baba ńlá, ó ní ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bitores Mendez ni olórí abúlé. Ní Kijuju ńkọ́? Nínú àwọn ẹni ibi ibẹ̀, òkèèrè ni Wesker ti wá, òkèèrè ni Excella Gionne ti wá, òkèèrè ni Irving ti wá. Sheva àti Josh, adúláwọ̀ tó ní orúkọ, àjọ àgbáyé ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n dé síbẹ̀ bí Chris ṣe dé ni. Kódà ìwà ibi, wọn kò jẹ́ kí ará Kijuju ní tirẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un kò ju kí ó pariwo, kí ó sì kú lọ. Swahili ni wọ́n sì fi ń pariwo, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà! Láti ibi tí mo jókòó sí yìí, n óò la Kamẹrúùnù já, n óò sì rìn jìnnà wọ Kóńgò, kí n tó débi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún kó wa lọ sínú àbàtà, níbi tí àwọn Ndipaya ti so koríko mọ́ ìdí, tí wọ́n dé ìbòjú, tí wọ́n ń ju ọ̀kọ̀, nígbà tí ibùdó epo rọ̀bì wà lẹ́yìnkùlé wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ẹ̀rù gidi wà nínú géèmù náà, wọ́n kàn sin ín sínú ìwé tí kò sẹ́ni tó ń dúró kà ni. Nínú àbàtà yẹn, ọ̀dọ́ abúlé kan ní ìwé ìrántí: àwọn ará ilé-iṣẹ́ epo ló wá, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà ni ìwà àwọn ọkùnrin yí padà. Ìwọ náà rò ó wò. Ní Kano ní 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn ń pa àwọn ọmọdé, Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ níbẹ̀, àwọn òbí sì fẹ̀sùn kàn wọ́n lẹ́yìn náà pé wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Nígbà tó di 2003, Kano kọ oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dẹ́rù ba ọmọ Nàìjíríà, kò nílò koríko àti ọ̀kọ̀. Kí ó fi ẹni tó wọ aṣọ funfun, tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbé páálí oògùn dání, hàn án. Ọ̀dọ́ tó kọ ìwé yẹn ni mo ìbá fẹ́ bá rìn nínú géèmù náà. Àwa, a tẹ bọ́tìnì, a kọjá lára ìwé rẹ̀, a wá ọta ìbọn lọ.

Láti ìgbà tí ìwé wọn ti dé ni mo ti ń kà nípa ibi tí ìtàn òkú tó ń rìn, èyí tí wọ́n ń pè ní zombie, tí Resident Evil fi bẹ̀rẹ̀, ti wá. Haiti ni, lọ́wọ́ àwọn ẹrú oko ìrèké tí wọ́n kó láti Dàhọ̀mì, Kóńgò àti àyíká wa níbí, tí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ikú pàápàá lè má gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀gá. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ Haiti ní 1915, wọn kò sì kúrò títí di 1934. Kí wọ́n tó kúrò, ìtàn náà ti dé Amẹ́ríkà, wọ́n ti fi ṣe fíìmù ní 1932. Ohun tó ń ba ẹrú lẹ́rù ló wá di ohun tí ọmọ ọ̀gá ń wò fún ìgbádùn. Nígbà tó di 2009, wọ́n gbé e padà wá sí ìhà tiwa, wọ́n fún wa ní ìbọn kí a yìn ín lu ara wa, èmi àti ìwọ sì ń jà nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ yìn ín.

Má rò pé mo ti di pásítọ̀. Mo fẹ́ràn ohun tó ń bani lẹ́rù, o mọ̀ mí. Ìgbà mélòó ni àwa méjèèjì jọ sá fún egúngún lágbo ilé yín? Nígbà tí Olóòlù bá ń bọ̀, tí àwọn obìnrin ti wọlé nítorí pé wọn kò gbọdọ̀ rí i, kò sí ayàwòrán tó lè ya bí ọ̀nà ṣe máa ń dá wáí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn ní ìlànà. Atọ́kùn wà níwájú, ó mọ ibi tí a ń lọ. Ará ọ̀run tó ń na àtòrì náà ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń súre fún aboyún, ó sì mọ oríkì ilé tó dúró sí. Bí ènìyàn bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, tí ó ku aṣọ àti àtòrì, kí ló kù tí yóò jẹ́ egúngún? Ní tòótọ́, àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí: nínú ìwé àlàyé wọn, wọ́n ní fíìmù Nàìjíríà ni àwọn wò láti fi kọ́ nípa wa, nígbà tí mo sì rí babaláwo aláṣọ pupa pẹ̀lú agbárí mẹ́ta níwájú rẹ̀, mo mọ ẹni tó kọ́ wọn.

Mo ti ya ohun kan tí wọn kò bẹ̀ mí ní iṣẹ́ rẹ̀. Mo fún gbogbo oríṣi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lórúkọ àti agboolé. “Ọkùnrin kẹrin” di ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, òróró ṣì wà ní èékánná rẹ̀. “Obìnrin kejì” di Ìyá Àgan agboolé, obìnrin tó mọ awo egúngún, òun nìkan ló mọ̀ pé wọ́n ti jí ẹ̀kú kan gbé, pé ọmọ ilé ló tà á fún oníṣòwò kan tó kó o lọ sókè òkun, àti pé ìyẹn ni ìlú kò fi rójú láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù yóò ti inú ohun tí ènìyàn ṣe jáde, kì í ṣe inú pé a jẹ́ ẹni tí a jẹ́. Akọ̀ròyìn wọn lè dúró. Kódà ajá náà lè dúró.

Wàyí o, èyí ni ìdí tí mo fi kọ̀wé. Owó wọn yóò tún òrùlé ilé bàbá mi ṣe, yóò sì ṣẹ́kù. Bàbá kò ì tíì gbọ́, o sì mọ̀ pé ọ̀jẹ̀ ni wọ́n. Bí mo bá kọ iṣẹ́ náà, ẹlòmíràn yóò gbà á, yóò wo Google, yóò ya oríṣi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìwọ tí o ti ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ géèmù lọ́dọ̀ yín, mo bẹ̀ ọ́, bá mi ka ìwé àdéhùn tí mo fi ránṣẹ́ sí ìmélì rẹ. Wọ́n ní gbogbo ohun tí mo bá yà di tiwọn títí láé, wọ́n lè yí i padà bó bá ṣe wù wọ́n, èmi kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níta. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo ayàwòrán nìyẹn? Ṣé mo lè ní kí wọ́n fi kún un pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe àdàkọ ẹ̀kú agboolé kankan tó wà láàyè, àti pé kí n rí ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú kí wọ́n tó gbé e jáde? Ṣé ènìyàn lè béèrè owó ọ̀tọ̀ fún ìmọ̀ràn, àbí wọn yóò kàn lé mi dànù ni? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń retí èsì mi.

Jọ̀wọ́, má gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Ràṣídì ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìdè.

Èmi ni,
Kúnlé