Ta Ló Wà Lọ́dọ̀ Rẹ?

Iléṣà

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mi ò ní béèrè bóyá dáadáa lo wà, torí irọ́ lo máa pa fún mi. Ìyá Táyé wá sílé lánàá. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Táyé yẹn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní kí n má bínú pé òun wá, pé Táyé tó wà ní Leeds ló ní kí òun wá bi mí bóyá a ń gbúròó rẹ. Ó ní ìjọba ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó mú ọ lọ tọ́jú àwọn arúgbó, pé 60 ọjọ́ ni wọ́n ń fún èèyàn níbẹ̀ láti wá ilé iṣẹ́ mìíràn tó máa dúró fún un, àti pé o ti kó kúrò nínú yàrá tí o háyà. Ó tún ní wọn ò rí ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Mo wò ó bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Àbẹ̀ní ti sọ fún mi." O ò sọ nǹkan kan fún mi!

Kì í ṣe torí owó ni mo ṣe ń kọ̀wé. Fẹ́mi ti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò, ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Àbúrò bàbá rẹ ti fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò ló ń yọ lẹ́nu. Ìròyìn ilé tán.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ? Mi ò bi ọ́ pé ilé ta lo sùn o. Tí o bá tají lóru tí àyà rẹ ń já, ta lo lè pè tí kò ní kọ́kọ́ bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò tètè wá nǹkan ṣe? Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, mo rí i pé o gbọ́ ọ, àmì rẹ̀ di búlúù, o ò sì fèsì. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ sí gbogbo ìsọ̀ oògùn nígbà ìgbóná orí rẹ. Ṣé èmi náà ti di ọmọ aráyé tí o ń sá fún?

Má sunkún. Láti kékeré, ẹnì kan ò lè gbóhùn sókè sí ọ kí ojú rẹ má kún fún omi. Mo ti rẹ ohùn mi sílẹ̀.

Àbí torí ìkórè ni o ò fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì? Mo mọ̀ ọ́. Ẹni tó ń dá owó tó jọjú lọ́dún tó kọjá kò ní fẹ́ kí wọ́n rí òun lọ́wọ́ òfo lọ́dún yìí. Ọmọ Òṣómàáló ni wá lóòótọ́, a mọ bí a ṣe ń lọ́ṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wá lówó, ṣùgbọ́n kí á sọ pé nǹkan ò sí lọ́wọ́ wa, ẹnu wa kò gbé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí nìyí, torí pé ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ.

Ṣé o rántí ìgbà tí wọ́n ń san ààbọ̀ owó oṣù fún àwa tíṣà? O ti wà ní SS 3. Mo sọ fún ìwọ àti Fẹ́mi pé ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, ẹ ti jẹun. Ìyá Táyé nìkan ni kò béèrè. Ó máa ń gbé ẹ̀wà wá nínú abọ́ oníderí, á jókòó, á bá mi bó ẹ̀gúsí, á lọ. Kò wàásù fún mi rí. Mo wá gba ọ̀dọ̀ wòlíì kan lọ lórí òkè. Ó ní ẹni tó ń gbé oúnjẹ wọ ilé mi ló di ògo mi mú. Mo gbà á gbọ́, Àbẹ̀ní. Obìnrin tó wẹ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọ títí ìwọ́ rẹ fi já.

Ọjọ́ tó tún kanlẹ̀kùn, inú yàrá ni mo wà, mo ní kí o sọ fún un pé mi ò sí nílé. O dúró lójú fèrèsé, o sọ bẹ́ẹ̀. Bàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó ti ń wò ó. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi," ó gbé abọ́ náà kalẹ̀, ó lọ. O rò pé ewúrẹ́ ló jẹ ẹ̀wà yẹn. Èmi ni mo dà á nù. Ebi ń pa yín, mo dà á nù. Nígbà tí o bi mí pé kí ló dé tí kò wá mọ́, mo ní ó ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Mo lé e tán, owó oṣù kò pé.

Nítorí náà, ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?

Mi ò ní kí o lọ dúró níwájú ìjọ kí o máa ka ìṣòro rẹ. Àwọn kan wà tí wọ́n máa fi ọ́ ṣe kókó àdúrà lónìí, tí o máa di ìtàn lẹ́nu wọn lọ́la. Má sì fún ẹnikẹ́ni lówó àdúrà físà, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run. Ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ kú, àwọn ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ìjọ wa kún ilé wa, wọ́n ka Bíbélì títí. Ẹni tí mi ò gbàgbé ni ìyá kan tí mi ò fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ nítorí ohùn rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Òun ló fọ gbogbo ìkòkò, tó sì tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ mi lálẹ́. Ó hanrun mọ́jú. Oorun àkọ́kọ́ tí mo sùn nìyẹn.

Ìjọ CAC tí a bí ọ sí pàápàá, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ, wọ́n ń gbàdúrà. Bàbá Shadare wà níbẹ̀, Sophia Ọdúnlámì náà wà níbẹ̀, tíṣà bíi tèmi. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn. Ìgbà tí èèyàn ń sá fún èèyàn ni wọ́n ń wá ara wọn. Ìsọjí Òkè-Oòye tí a fi ń yangàn níhìn-ín, ìyẹn di 1930.

Ka Tímótì Kejì, orí kìíní, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti dárúkọ Onesiforu. Nígbà tí ọkùnrin yẹn dé Róòmù, ó wá Pọ́ọ̀lù kiri títí ó fi rí i, ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ kò tì í lójú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹsẹ yìí nìkan ni mò ń kà láti àná, torí Táyé ti lọ kanlẹ̀kùn níbi tí o ń gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n ní o ti lọ. Ó tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́. Ọmọ obìnrin tí mo lé lẹ́nu ọ̀nà ló ń wá ọmọ mi kiri ìlú òyìnbó. Ìyá rẹ̀ kò fi ohun tí mo ṣe bú mi. Mo ní kó wọlé, ó wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n gbé ẹ̀gúsí wá.

Mo ti fún Táyé ní nọ́ńbà rẹ láì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ, bínú bí o bá fẹ́. Ó máa pè ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní yàrá kékeré kan ṣófo lọ́dọ̀ òun àti ìyàwó òun, pé ọbẹ̀ ìyàwó òun kò dùn kí o má baà retí púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í pa ẹ̀rọ amúlégbóná. Gbé fóònù náà. Tó bá bi ọ́ bóyá o ti jẹun, sọ òótọ́ fún un.

Èmi ni,
Ìyá rẹ