Èló lẹ fẹ́ gbà lóṣù?

Sí Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ ló ń múra ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dáadáa, àfi ìbéèrè owó oṣù. Bí wọ́n bá bi wọ́n, iye tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu ni wọ́n ń sọ. Àdánù rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, nítorí orí iye tí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣírò àfikún ọdọọdún lé.

Ẹ kọ iye mẹ́ta sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Àkọ́kọ́ ni èyí tó jẹ́ pé bó bá dín sí i, ẹ ò ní gbà á: ẹ ṣírò owó ilé, oúnjẹ, ọkọ̀ àti gbèsè. Èkejì ni iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Ẹ wádìí lọ́wọ́ èèyàn bíi mẹ́ta tó ń ṣe é. Ẹ̀kẹta lẹ máa dárúkọ. Kó fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ju èkejì lọ, kí àyè lè wà fún ìdúnàádúrà. Bí ẹ bá ní "láti iye báyìí dé iye báyìí", èyí tó kéré ni agbanisíṣẹ́ máa dì mú. Ẹ má fi iye tí kò tẹ́ yín lọ́rùn síbẹ̀.

Ibi tí ìjà ti ń wá jù ni pé agbanisíṣẹ́ ń sọ owó tí wọn ò tíì yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú rẹ̀, olùwáṣẹ́ sì ń ro èyí tó máa wọ báńkì. Ẹ bi wọ́n tààrà. Ẹ béèrè àjẹmọ́nú náà, kí ẹ sì mọ èyí tó dájú àti èyí tó jẹ́ ìlérí lásán.

Bí wọ́n bá tètè béèrè, ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí?" Bí wọ́n bá bi yín ní iye tí ẹ ń gbà níbi tí ẹ wà, ẹ má purọ́, wọ́n lè ní kí ẹ mú ìwé owó oṣù wá. Iye tí iṣẹ́ tuntun náà tó ni kí ẹ máa tẹnu mọ́. Ẹ má sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ìwé ìgbàsíṣẹ́ tó dárúkọ owó náà tó tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ béèrè iye tí èèyàn ń gbà tẹ́lẹ̀, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí olùwáṣẹ́ mọ iye tó wà nílẹ̀ kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀. Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ní kí àwọn tó ń kéde iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn yín kọ iye owó oṣù sí i.