Sákúrà inú ilé kì í ṣe ike, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó rẹ̀ dànù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lórí àfihàn sákúrà, òdòdó igi ṣẹ́rì ilẹ̀ Japan, tí wọ́n ṣe sínú ilé ní Tokyo. Abẹ́ àwòrán tí ẹ fi sí i ni ẹ kọ ọ́ sí pé òdòdó ike ni. Ìpínlẹ̀ Saitama, tó bá Tokyo pààlà, ni mo ń gbé. Mo lọ wo àfihàn náà nínú oṣù Kejì, kì í sì í ṣe ike rárá. Èmi náà ti múra àtifi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ kí n tó rí omi nínú ìkòkò tí wọ́n ki àwọn ẹ̀ka náà bọ̀.

Sákúrà ìta kì í sábà tanná ní Tokyo títí di ìparí oṣù Kẹta. Yamagata, lápá àríwá, níbi tí yìnyín ti máa ń bo oko, ni àwọn ẹ̀ka yìí ti wá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbin irú sákúrà kan tí wọ́n ń pè ní keiō-zakura. Bí òtútù ò bá kọ́kọ́ mú igi yìí dáadáa, kò ní jí. Ìgbà tó bá ti gba òtútù tó ni wọ́n á gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, wọ́n á wá kó o wọ ilé ọlọ́rá tó móoru. Ẹ̀ka á rò pé ọyẹ́ ti lọ, á bá yọ òdòdó. Láti oṣù Kejìlá ni wọ́n ti ń tà á. Ẹni tó bá pe iṣẹ́ yìí ní ayédèrú, kó lọ bá wọn gé ẹ̀ka nínú yìnyín láàárọ̀ ọjọ́ kan péré.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Tōhoku, apá àríwá ìlà-oòrùn Japan tí Yamagata wà, ni wọ́n tò sídìí igi. Akabeko, màlúù pupa ti Aizu tí wọ́n fi bébà ṣe, wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí bí àgbà tó gbà pé òótọ́ lẹ sọ. Kokeshi náà wà níbẹ̀, ọmọlangidi onígi tí kò lápá tí kò lẹ́sẹ̀. Ti Naruko máa ń dún kín-ín bí ẹ bá yí i lórí. Àwọn ọmọdé ò jẹ́ kó sinmi. Mo tún jẹ sakura-mochi, ẹ̀wà pupa onísúgà tí wọ́n wé sínú ewé sákúrà oníyọ̀. Ìyẹ̀fun ni àwọn ará Tokyo fi ń bo ẹ̀wà náà, ìrẹsì ni ti apá Ōsaka, wọn kò sì tíì parí àríyànjiyàn èyí tó dùn jù. (Onírẹsì ni.)

Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àga onítáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ rẹ̀ ní eruku òdòdó igi sugi kì í jẹ́ kí màmá jáde nígbà ìrúwé, sísín ni wọ́n á máa sín. Ṣé ka ní kí wọ́n má rí sákúrà mọ́ ni?

Ibi tí mo ti bá àwọn tó ṣètò rẹ̀ jà rèé. Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta, mo bá òṣìṣẹ́ kan tó ń fi ọwọ̀ gbá gbogbo òdòdó tó já sílẹ̀, tó sì ń fi ẹ̀ka tuntun pààrọ̀ èyí tó ń rẹ̀. Ó ní òdòdó tó tanná ni àlejò sanwó láti wò. Ní Hirosaki, ní Aomori, èyí tó já sínú yàrà odi ààfin gan-an ni èrò ń wọ́ lọ wò. Á bo ojú omi pátápátá bí ẹní aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: hana-ikada. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ lé ni òdòdó yìí ń lò lórí igi. Èyí tí kò já rí, kí làwọn ará Japan fẹ́ máa sáré wò lára rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán yẹn kọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ṣètò àfihàn náà bá sì lọ́rẹ̀ẹ́ tó gbọ́ Yorùbá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ọwọ̀ jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́dún tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Saitama